Ojú Ògiri Àdùkẹ́

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ awò ojú yẹn sílẹ̀."

Dókítà Ìbídàpọ̀ ti kọ́kọ́ sọ ọ́, Àdùkẹ́ sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú igbá ilẹ̀pa, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ìkòkò mẹ́ta ló fẹ́ yà síbẹ̀, bó ṣe ń yà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá láti Ìpetumodù, ìlú tí ìyá rẹ̀ ti ń mọ ìkòkò tà. Olùkọ́ yunifásítì náà súnmọ́ ọn, ó di kámẹ́rà mú láyà, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Awò ojú kẹ̀? Tí mo bá bọ́ ọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi ríran, Dókítà?"

Àwọn ìyàwó ilé tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sàrátù, ìyáálé gbogbo wọn, ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o. Bó bá bọ́ ọ, orí yín ló máa kùn."

Dókítà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé kámẹ́rà sókè. Ó ní àwọn òyìnbó tó fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ fẹ́ rí i bó ṣe rí láyé àtijọ́ ni. Awò ojú kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀, bàtà rọ́bà kò gbọdọ̀ hàn, ike ìpọnmi pàápàá, ẹ bá wọn gbé e kúrò. "Àṣà yìí ti ń kú lọ, Màmá. Ìwé tí mo ń kọ ni yóò gbà á là."

"Gbà á là lọ́wọ́ ta ni?" ni Ìyá Sàrátù bi í.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú kámẹ́rà rẹ̀ ṣe.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní agbo ilé Láoyè ní Ìrẹmọ, ní Ifẹ̀, nìyí. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àwọn ìyàwó ilé á fá ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá, wọn á fi ẹfun, èédú àti ilẹ̀pa kùn ún lákọ̀tun. Àwòrán èṣí kì í rí ọdún mìíràn. Ọwọ́ tó yà á náà ló ń fá a kúrò, kò sì sẹ́ni tí í sunkún rẹ̀. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ògiri tirẹ̀, ẹni tó bá sì ní ojú ògiri ló ní yàrá, ìbáà jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ wà láyé, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ ti mu ún. Látìgbà tí ọkọ Àdùkẹ́ ti kú, ìkòkò mẹ́ta yìí ló ń sọ fún gbogbo ilé lọ́dọọdún pé opó náà ṣì wà níbẹ̀, pé kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dìde.

Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí títì. Ní ìgbà yẹn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé kiri Ifẹ̀ bí ẹni ń wá omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú Àlàní kì í kúrò lára yàrá náà. Àlàní ni àbúrò ọkọ rẹ̀, òun sì ni baálé ilé. Lọ́jọ́ fọ́tò yìí, orí àga ló jókòó sí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìyá Ọpẹ́," ló wí fún Àdùkẹ́, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "oòrùn ń lọ o. Ẹ jẹ́ kí Kíkẹ́ bá yín dúró níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ ṣì dá ṣáká."

Kíkẹ́lọmọ ni ìyàwó tuntun tí Àlàní fẹ́ wá láti Iléṣà. Wọn kò tíì pín ojú ògiri fún un. Ó wolẹ̀. "Ibi ìyáálé mi mà nìyẹn."

"Fún fọ́tò lásán ni," ni Dókítà wí. "Ìṣẹ́jú kan péré."

Àdùkẹ́ wo ọmọbìnrin náà, àánú rẹ̀ ṣe é. Kí ni fọ́tò fẹ́ fi ògiri ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló gbé igbá ilẹ̀pa àti àkísà tí wọ́n fi ń kùn ún lé e lọ́wọ́, òun ló sì bá a tún ìró rẹ̀ so. "Tẹ àkísà yẹn dáadáa, má fi ṣeré. Ìkòkò ni, kì í ṣe ẹyin adìyẹ." Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà kọ mànà.

Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ìwé ti jáde. Àlàní pe ìpàdé ẹbí, ó ṣí ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Kíkẹ́lọmọ ló wà níbẹ̀, ó ń kun ìkòkò mẹ́ta, ó lẹ́wà bí egbin. Àlàní fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: ìyàwó agbo ilé Láoyè, lójú ògiri tí ó jogún.

"Ìkòkò ta ni?" Ìyá Sàrátù dìde. "Ṣé láti Iléṣà ló ti gbé ìkòkò wá?"

"Ìyá, ẹ jókòó. Ìwé yunifásítì ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí ààrò."

"Èmi tí mo rí i ńkọ́?"

Àwọn ọkùnrin ẹbí wolẹ̀. Àlàní ti kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàní pa ìwé dé. "Opó tí ojú ògiri rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní yàrá nílé yìí. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àṣà ni."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àdùkẹ́ wọkọ̀ lọ sí yunifásítì. Dókítà dọ̀bálẹ̀ fún un, ó fún un ní àga, ó bèèrè ara ilé.

"Ara ilé kò le," ni Àdùkẹ́ wí. "Ẹ̀yin lẹ ní fún fọ́tò lásán."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ẹ wá sọ ọ́ lójú ẹbí. Ìyẹn náà ni mo wá bẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà bọ́ sẹ́bàá fèrèsé. "Baálé ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó tó gbà kí n wọlé. Tí mo bá ní irọ́ wà nínú ojú ìwé kan, wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni, Màmá. Èmi ò lè dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí."

"Ẹ ti dá sí i," ni Àdùkẹ́ wí.

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọpẹ́yẹmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní àdúgbò Mayfair nínú Ifẹ̀ kan náà, nínú yàrá kan tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Kó tó dọ́sẹ̀ kejì, Àlàní ti lu ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá Àdùkẹ́ lójú títì, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti gbébẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún yẹn ni Dókítà kó àwọn àlejò láti òkè òkun wá wo bí wọ́n ṣe ń kun ògiri. Ó rán mọ́tò sí Àdùkẹ́ pé kó wá jókòó bí àgbà. Ọpẹ́yẹmí ní kó má lọ. Àdùkẹ́ kò mọ ohun tó mú òun gbà láti lọ. Bóyá òórùn ilẹ̀pa tútù ló ń pè é.

Nígbà tó dé, gbogbo ilẹ̀kùn àwọn ìyàwó ilé ló wà ní títì. Kíkẹ́lọmọ nìkan ló dúró nídìí ògiri, igbá lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan ilẹ̀kùn Ìyá Sàrátù.

"Ìyá, àwọn àlejò ti dé."

"A gbọ́ ohùn wọn," ni ìyá náà dáhùn látinú yàrá. "Ẹ ní kí ìwé yín wá kùn ún."

"Ìyá Sàrátù!" Àlàní jágbe. "Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ìyá Ọpẹ́ kùn ún títí ó fi hewú, kí ló rí gbà? Èyí tí n bá kùn lónìí, wọ́n á ní fọ́tò lásán ni lọ́la."

Ilẹ̀kùn kankan kò ṣí. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Kíkẹ́lọmọ gbé igbá sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Àdùkẹ́, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ bá mi fọwọ́ kan ògiri yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fún mi."

Àdùkẹ́ fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ilẹ̀pa kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.

"Dìde. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá jà. Ṣùgbọ́n n kò fún ọ."

Ó dìde lórí àga, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá níwájú gbogbo wọn, ó bọ́ sí títì. Òyìnbó obìnrin kan tẹ́tí sí ìró bàtà rẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, ó wá bi Dókítà pé kí ló dé tí ìyá àgbà náà fi lọ.

Dókítà Ìbídàpọ̀ wo Àlàní. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní àṣà ni: opó kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti ń kun ògiri.

Òyìnbó náà mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.