Ìrù Ẹja Tí Wọ́n Yà Mọ́ Àwọn Ọmọ Ludlam

Ẹni tó bá rán aṣọ ọlọ́rùn méjì rí ló mọ ohun tí ojú aránṣọ ń rí. Èmi Dọkasi ni mo ń rán tàwọn ọmọ Ludlam, Kesia àti Tirifena, ìbejì tí wọ́n bí ní lílẹ̀ mọ́ra láti ìbàdí. Kesia fẹ́ràn aṣọ pupa. Tirifena ní pupa ń jẹ́ kóun dà bí ẹran tí wọ́n so kọ́ sísọ̀ alápatà. Bí mo bá wá rán apá kan ní pupa, tí mo rán apá kejì ní àwọ̀ eérú, wọ́n á ní mo ti sọ àwọn di àsíá.

Ọ̀gá Stubbins ló ni àgọ́ tí wọ́n ti ń wò wọ́n. Láti ìpàtẹ dé ìpàtẹ la ń rìn, inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n fi aṣọ bò pátá sì ni àwọn ìbejì máa ń wà, kí ojú má baà rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí aṣọ àwòrán tuntun tí ọ̀gá gbé kọ́ síwájú àgọ́ ní ìpàtẹ Nottingham lọ́dún yẹn. Enoku Wragg ló yà á, Enoku ò sì rí wọn sójú rí. Ilé ọtí ni ọ̀gá ti júwe wọn fún un, ọtí sì ti gba ẹnu ọ̀gá kó tó débi ọ̀rọ̀.

Ẹ wo àwòrán! Orí méjì, ọwọ́ mẹ́fà, ìrù ẹja. Pẹ́pẹ́yẹ kan wà lẹ́nu orí àkọ́kọ́, ó ṣì ń ta ẹsẹ̀. Mànàmáná ń kọ lókè. Ọba kan tó dé adé ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ojú ọba náà sì fi hàn pé ó fẹ́ sá.

Èrò ya wọ inú àgọ́. Ọ̀gá fa aṣọ ìkélé. Obìnrin méjì jókòó sórí àga gbọọrọ, Kesia ń mu tíì, Tirifena ń jẹ àwo ẹ̀wà gbígbóná.

"Ẹ káàsán o," ni Kesia wí.

Alápatà kan tó sanra dìde níwájú. "Ìrù dà?"

"Ìrù wo?"

"Ìrù ẹja! Ọwọ́ yòókù ńkọ́?"

Tirifena gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá, ilé ọtí lẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Irọ́ ni! Ẹ̀tàn ni! Okùn ni wọ́n fi so àwọn wọ̀nyí pọ̀! Ẹ jẹ́ n já ọ̀kan léèékánná. Bí ìkejì bá ké, mo gbà."

"Ọwọ́ mi rèé," ni Kesia wí.

Alápatà já a léèékánná. Kesia ò ṣẹ́jú. Tirifena ló fò sókè: "Yéè! Ó pa mí o!" Alápatà fẹ̀yìn rìn. Ó tún já Tirifena, Kesia sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá pọ̀ ju orí alápatà lọ. Ó já ara rẹ̀ léèékánná, bóyá àlá ni.

"Yéè!" ni Tirifena ké.

Bí ọkùnrin náà ṣe bá ẹnu ọ̀nà àgọ́ já nìyẹn, ó gbàgbé fìlà.

Èrò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú àwọn ìbejì ò dùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí àwòrán yìí. Ọ̀gá na ọwọ́ di ọ̀nà: "Ẹ má jáde! Wọ́n á rí yín lọ́fẹ̀ẹ́!" Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ìjì. Wọ́n dúró síwájú àwòrán, wọ́n gbójú sókè.

"Imú ta nìyẹn?" ni Kesia bèèrè.

"Imú tìẹ ni. Ó tún wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ èmi náà lójú."

"Èmi ni mo wá ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ láàyè?"

"Ìwọ tó jẹ́ pé bí ẹyẹ lo ṣe ń ṣa oúnjẹ jẹ? Èmi ni. Àmọ́ èmi a máa sè é ná."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Enoku pé kó wá yà wọ́n bó ṣe yẹ. Ó dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀dà kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́," ló ń bẹ̀ wọ́n. Jẹ́ẹ́ wo? Òórùn ọ̀dà ń mú Tirifena sín, bó bá sì ti sín, Kesia á mì tìtì. Ọjọ́ kan lọ lórí ẹnu Kesia nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, Enoku ní, "Gbé àgbọ̀n rẹ sókè díẹ̀."

Tirifena yíjú sí i. "Rẹ? 'Yín' ni lánàá. Ta ni 'rẹ' nínú wa?"

Etí Enoku pọ́n bí ata. Kesia wolẹ̀. "Èmi ni," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Olúwa mi o! Ìfẹ́ ń ṣẹlẹ̀ níbàdí mi, èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn!"

Àwòrán tuntun dára: obìnrin méjì tó ń mu tíì. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ilé ta ni wọn ò ti ń mu tíì?" Òótọ́ ló sọ. Òjò nìkan ló wọ àgọ́ wa lọ́jọ́ yẹn.

Tirifena bínú. Ó ní kí wọ́n gbé àwòrán àkọ́kọ́ wá sínú àgọ́, kí Enoku dúró tì í, kó ká fìlà lọ́wọ́. Ó mú agbòjò, ó fi ń tọ́ka sí irọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀nba èèyàn tó sá òjò wọlé.

"Ìrù rèé. Aránṣọ wa ló dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ bi í bóyá ó rán aṣọ ìrù rí. Enoku! Ta ló sọ fún ọ pé a ní ìrù?"

"Ọ̀gá yín ni, mà."

"Níbo ló ti rí i?"

"Nísàlẹ̀ ife ọtí ni, mà."

Ẹ̀rín tó ń jáde nínú àgọ́ ló ń pe èrò wọlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò sí àyè ìjókòó mọ́. Alápatà náà padà wá, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó ń pariwo: "Ṣé mo sọ fún yín pé kò sí ìrù!"

Inú ọ̀gá dùn títí tó fi sọ pé kí Enoku ya ìyẹ́ apá kún àwòrán náà. Ọjọ́ yẹn làwọn ìbejì fi í sílẹ̀, wọ́n pa àgọ́ tiwọn, mo sì bá wọn lọ.

Enoku ní òun fẹ́ gbé Kesia níyàwó. Àlùfáà ní òun á bi bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù ní òun á ronú sí i; ó ṣì ń ronú. Enoku ò kúkú wo ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ ìsinmi, á gbé àkàrà alátalẹ̀ wá, á jókòó sápá Kesia. Tirifena á ṣí ìwé ìròyìn, á máa kà á sókè kóun má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nígbà tó yá, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Enoku lára. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí olè ẹṣin yẹn?" ló máa ń bèèrè, á na ọrùn kọjá níwájú Kesia.

Kesia á gba ìwé ìròyìn náà, á jókòó lé e. "Enoku, èwo lo wá wò nínú wa gan-an?"