Ilé Tí Sáfà Kàn

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin èèyàn. Ẹgbẹ́ oníṣu Ìgbòho ní kí èmi Débọ́lá tún sáfà wọn kọ, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ra iṣu lóhùn. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ni Samsudeen fi kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Tí èrò bá ti rọ́ wọlé, ó dákú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ iṣu màámi ń jẹrà lẹ́yìnkùlé.

Mo dé ìpàdé, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, Go, kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Bí gbogbo Ìbàdàn bá wọlé, kò ní mì. Èdè Rust náà yára, àmọ́ n ò gbọ́ ọ. Màá lo oṣù mẹ́fà kí n tó mọ̀ ọ́n."

Alága wa, Àlájì Muhydeen, fajú ro. "Ilé wo ló ni Go?"

"Ilé bíi ti báwo, Àlájì?"

"Ọmọ ilé Òkè ni Samsudeen. Òkè ti jẹ. Ilé mìíràn ló kàn."

Háà! Mo rò pé àwàdà ni. Kí n tó lanu, Wàhábì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọjà, ti fò dìde: "Ìsàlẹ̀ Ọjà ló ni Go!" Àwọn èèyàn ẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá kan ní ṣé wọn kì í ya wèrè nílé Go. Mo ní kò nílé, wọ́n ní ṣé ọmọ àlè wá ni.

Orí mi gbóná. Mo wojú màámi. Àwọn nìkan ló lè gbà mí, torí ẹni tí iṣu ẹ̀ ń jẹrà kì í bá wọn fa irú ọ̀rọ̀ yìí gùn. Wọ́n dìde, wọ́n tún gèlè wé.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìsàlẹ̀ Ọjà ló ni alága, ṣé àwọn náà ló máa jẹ sáfà? Àwa ará Òkè Odò yàtọ̀ sí Òkè, a ò tíì jẹ nǹkan kan rí nílùú yìí. Rust ni tiwa, òun ló kàn!"

"Màámi! Oṣù mẹ́fà! Iṣu yín ńkọ́?"

"Iṣu a máa ta lọ́dọọdún. Ṣé ọdọọdún loyè ń kàn wá ni?"

Ìpàdé hó yèè. Àlájì ní ó ti parí, Rust jẹ.

Ní báyìí, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń kọ́ Rust bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, inú ń bí mi gan-an. Àwọn ará Òkè Odò ń wọ́ wá sílé wa, wọ́n ń kí màámi kú oríire, wọ́n ń fọwọ́ bo imú fún òórùn ẹ̀yìnkùlé.