Àṣẹ Tí Kò Lórúkọ

Fọ́máànù já rédíò gbà lọ́wọ́ Agogo, ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kígbe sínú rẹ̀: "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jàre. Sọ̀ ọ́ kíákíá, kọnkéré ti ń le."

Ọwọ́ Agogo ṣì wà lókè. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ru pákó ń kọjá lábẹ́ gárawà ńlá tí kéréènì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, gbé dání, ìyẹn ló ṣe ní kí awakọ̀ rẹ̀ dúró. Bàbá Òkè tó ń wa kéréènì náà gbọ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Gárawà ò mì. Fọ́máànù gbójú sókè, ó pòṣé.

"Ṣé adití ni baba yìí ni?"

"Wọn kì í ṣe adití, ọ̀gá. Ẹ ò dárúkọ kẹ́ ẹ tó pàṣẹ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni àyà Agogo já. Ó yíjú sí ìlà oòrùn, níbi tí ọrùn kéréènì pupa kan ti yọ lókè àwọn òrùlé, òpópónà mẹ́rin sí tiwọn. Ìdì irin kan so mọ́ kéréènì yẹn ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Ó ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ní báyìí, okùn nìkan ló ń wò, ó sì ń mì bí ìgbà tí nǹkan wúwo bá já wọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ti di oṣù mẹ́ta. Irú rédíò tí ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà ni wọ́n kó fún wọn níbi iṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré tí àwọn tó ń rìn lórí òkè sì ń fi wá ara wọn. Alábòójútó ilé ẹrù ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tí wọ́n ti ń yí ìkànnì, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi rédíò ṣòfófó. Iṣẹ́ Agogo ni kó dúró nílẹ̀, kó máa ṣe ojú fún ẹni tó wà lókè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan ṣàdédé wọlé: "Gbé e. Gbé e sí i." Ni Bàbá Òkè bá ń gbé ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó gbé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ló fọ́.

"Ta nìyẹn?" Agogo bèèrè lórí rédíò.

"Èmi náà fẹ́ bi yín bẹ́ẹ̀ ni," ohùn náà dáhùn.

Bí wọ́n ṣe mọra nìyẹn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìkànnì kan náà ni wọ́n ń lò, kò sì sẹ́ni tó lè yí tirẹ̀ padà, torí wọn ò gbà fún baba náà bákan náà. Baba náà ló mú àbá wá pé kí olúkúlùkù máa dárúkọ ara rẹ̀ kó tó pàṣẹ. Àṣẹ tí kò bá lórúkọ, kí awakọ̀ má dá a lóhùn. Ohùn Agogo tó ń dún gooro ni wọ́n fi ń pè é ní orúkọ yẹn níbi iṣẹ́. Nígbà tó sọ èyí fún baba náà, baba rẹ́rìn-ín.

"Tó bá jẹ́ agogo lẹ̀ ń jẹ́, ẹ máa pè mí ní Àkùkọ. Àwa méjèèjì, iṣẹ́ ká jí ọmọ aráyé náà ni. Ó dọwọ́ yín."

"Ó dọwọ́ yín" ni ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán máa ń sọ, kí ẹnìkejì lè mọ̀ pé ó kan òun. Àwọn mìíràn náà a máa yọjú sórí ìkànnì yẹn: ẹ̀ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan, àti ìyá kan tó fi ń pe ọkọ rẹ̀ látinú ọgbà adìẹ. Wọn á kí ara wọn, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sán kan kì í kọjá kí Agogo àti Àkùkọ má sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn kéréènì bá ń sinmi. Ó mọ̀ pé orúnkún baba náà ń sọ ọ́ bí òjò bá ń bọ̀. Ó mọ̀ pé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Wọn ò rí ara wọn rí, ṣùgbọ́n bí Àkùkọ bá húkọ́ láàárín ogún ènìyàn, Agogo á mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni Àkùkọ ti kìlọ̀ fún un. "Ẹ bá mi ṣọ́ra lónìí. Wọ́n ti gbé awakọ̀ mi lọ sí ibòmíràn, ẹni tuntun ni wọ́n gbé sókè. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà tẹ́lẹ̀. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ fún un, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á, ẹni tẹ́rù bá sì ń bà, ẹni tó bá pariwo jù ló ń gbọ́."

Agogo ti sọ fún fọ́máànù. Fọ́máànù ní, "Ilé wọn ni wọ́n ń kọ́, tiwa làwa ń kọ́."

Agogo gba rédíò padà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. "Agogo rèé. Àkùkọ, ẹ dá mi lóhùn. Ó dọwọ́ yín."

Rédíò ń dún ṣíì. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ló dáhùn: "Agogo, kí ló dé?"

Ohùn mìíràn wá wọlé, èémí rẹ̀ ń sáré. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gbọ́ mi. Ta ló ní kí n sọ̀ ọ́? Mo gbọ́ ọ. Ohùn ọkùnrin ni, ó ní kí n sọ̀ ọ́ kíákíá. Bàbá Àkùkọ ń to pákó tí irin máa jókòó lé, wọ́n kẹ́yìn sí i. Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Irin já lé Bàbá lórí, wọ́n ti fi tápólì bo òkú wọn. Mo ń wò wọ́n látinú kéréènì lókè níbí."

Fọ́máànù na ọwọ́. "Pa rédíò yẹn."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tó sọ."

"Mo ní kí o pa á." Láti ọjọ́ tí Agogo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí rí. Ìyẹn ló kó jìnnìjìnnì bá a ju igbe lọ. "Rédíò tó wà nílùú yìí ò lóǹkà. Ta ló mọ ohùn ta?"

Ó mú un wọ inú ọ́fíìsì onípákó, ó ṣí ìwé ìròyìn iṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé rédíò wọn ò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe. Ó ti bíírò sí i lọ́wọ́.

"Fọwọ́ sí i."

"Irọ́ ni, ọ̀gá."

"Wo ojú ewé yìí." Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé náà. "Orúkọ ta ló wà níbi tí wọ́n ti gba rédíò? Tìẹ ni. Bí wọ́n bá wá bèèrè ẹni tó sọ̀rọ̀, ta lo rò pé wọ́n máa mú? Ara rẹ ni mò ń gbà là."

Bàbá Òkè ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, akoto rẹ̀ lọ́wọ́. Agogo kọjú sí i.

"Ẹyin lohùn, ọmọ mi," baba náà wí. "Èyí tó fọ́ ti fọ́. Ọdún kan ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Ohunkóhun tó o bá máa ṣe, má dárúkọ mi sí i." Ó yíjú sílẹ̀, kò lè wò ó mọ́.

Rédíò tún dún ní ìbàdí Agogo. Kò tíì pa á. "Wọ́n ti ń pọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn kan mú irin lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnìkan ń gbọ́?"

Agogo gbé bíírò sórí ìwé. Ó tẹ bọ́tìnì kí fọ́máànù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo ń gbọ́. Má sọ̀ kalẹ̀. O ò ṣì í gbọ́: àṣẹ wà lóòótọ́. Ibi iṣẹ́ tiwa ló ti jáde. Fọ́máànù wa ló pàṣẹ náà, ìṣojú mi ni, ọwọ́ mi ló ti gba rédíò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, bí rédíò Àkùkọ bá ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má fọwọ́ kan ọkùnrin yẹn."

Fọ́máànù dúró gbagidi. Ohùn kan tí Agogo ò gbọ́ rí dáhùn lórí rédíò, ohùn tútù, ohùn ẹni tó ti sunkún tán. "Ìwọ ni Agogo?"

"Èmi ni."

"Máa bọ̀ níbí."

Kò mọ̀ bóyá ìpè ni tàbí ìhàlẹ̀. Ó bọ́ akoto, ó gbé e lé orí tábìlì.

"Bó o bá kọjá géètì yẹn, má padà wá mọ́," fọ́máànù wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Oòrùn mú gan-an ní òpópónà. Ó rìn, kò sáré. Níbi tí òpópónà kẹta ti pín sí méjì, ó rí ọkùnrin náà nínú yàrá onígíláàsì lókè kéréènì pupa, kékeré bí eṣinṣin, tó fi orí lé eékún.

"Ṣé ẹ ti ń bọ̀?" rédíò bèèrè.

"Mo ti ń rí ẹ. Jókòó síbẹ̀."

Ariwo ti ń jáde látẹ̀yìn páànù tí wọ́n fi sé ibi iṣẹ́ náà yí ká, ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní orí kan pàtó. Bí ó ṣe dé géètì, ariwo náà dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Agogo mí kanlẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn.