Ẹ̀bẹ̀ Tí Ògúntọ́lá Fẹ́ Kọ́ Amẹ́ríkà

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1979, tí àwọn ará Ìránì há àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà mọ́ inú ilé aṣojú ìjọba wọn, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ní Ìdèrè tó Ògúntọ́lá, àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ. Rédíò kì í kúrò létí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ké sí i pé ewúrẹ́ ti dé ìdí gbodo èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Ògúntọ́lá nawọ́ sí i lójú àlejò tó wá bá a gbọ́ ìròyìn: "Panu mọ́ jàre, àwọn àgbà ayé ń sọ̀rọ̀."

Ewúrẹ́ jẹ gbodo yó. Àpèkẹ́ náà di ẹrù, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Igangan.

Dípò kí ọkùnrin yìí tẹ̀ lé e, ó jókòó ti rédíò. Àjọ àgbáyé ti ní kí wọ́n tú àwọn èèyàn náà sílẹ̀, Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ ogun halẹ̀. Ògúntọ́lá mirí. "Wọn ò mọ ẹ̀bẹ̀ẹ́ bẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Kí wọ́n kó àgbà lẹ́yìn, kí wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀."

"Obì tìrẹ dà?" Zachariah télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń rán. "Àbí Igangan jìnnà ju Ìránì lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó rán Èṣùbíyìí, àbúrò rẹ̀, lọ. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó rán an? Pé kí Àpèkẹ́ máa bọ̀, gbodo tó kù ń bàjẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn àna dá Èṣùbíyìí padà: ẹni tó ṣẹ̀ ni kó wá.

Ilé wá pa lọ́lọ́. Ògúntọ́lá gbọ́ ìròyìn títí, kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́, ojú sì ń tì í.

Ló bá kó àgbà méjì lẹ́yìn, ó di Igangan. Ta ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà? Babáfẹ́mi, àbúrò Àpèkẹ́, tó kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ Ògúntọ́lá, tí ọ̀gá yìí sì ti gbá létí láìmọye ìgbà. Bẹ́ẹ̀ àna ni àna, kò sí kékeré nínú wọn. Ògúntọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Babáfẹ́mi wòkè, ó wolẹ̀, kò tètè ní kó dìde.

Ohùn Àpèkẹ́ ló kọ́kọ́ jáde láti inú ilé. "Bàbá Adéníran, àwọn tí wọ́n há mọ́lé yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tú wọn sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni Ògúntọ́lá wí látilẹ̀. "Mi ò tan rédíò láti àná. Tìrẹ ni mo bá wá."

Àpèkẹ́ yípadà, ó lọ gbé ẹrù rẹ̀.