Ìka Tíṣà

Ọdún kejìlélógún rèé tí Tíṣà ti ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ní ìwé kíkà. Òun náà kò ríran láti kékeré. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Bó bá ti fi í tọ àwọn àmì kéékèèké tó yọ lórí ìwé, kíá ló ti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ṣí ìwé ní kíláàsì, ó fọwọ́ kàn án, ojú ìwé náà dán bí awo. Ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Ìyẹn náà dán. Bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú ka tirẹ̀ láìkọsẹ̀. Àyà Tíṣà kò tilẹ̀ já. Ó ń ka ohun tó ti há sórí títí aago fi lù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi pa á mọ́ra, kí ìyàwó rẹ̀ tó bá a níbi tó ti gbá ife tíì mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bí epo.

"Bàbá wọn, ṣé kò jó yín lọ́wọ́ ni?"

"Àbí ó gbóná ni?"

Nílé ìwòsàn, dókítà fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́. Tíṣà ń dúró de ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti parí.

"Àtọ̀gbẹ ni, sà. Ṣúgà ti ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mo pè é ní ọjọ́ orí."

"A ó gbìyànjú kó má kọjá ibi tó dé. Èyí tó ti lọ, n kò lè ṣèlérí."

Ìyàwó rẹ̀ ń fa imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà wá ìbànújẹ́ nínú ara rẹ̀, bí ẹni ń táràrà wá ilẹ̀kùn nínú ilé onílé. Kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ òótọ́ fún kíláàsì. Ọmọbìnrin iwájú ronú díẹ̀.

"Sà, ṣé ẹ ti wá fọ́jú nìyẹn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jókòó, sà. A ó máa kà á fún yín."

Wọ́n kà á lóòótọ́, ó sì ń tún un ṣe fún wọn níbi tí wọ́n bá ti ṣì í.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé ìwé sókè, ó fi ètè kan ojú rẹ̀. Àwọn àmì náà wà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó rí i, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Tíṣà tó ka ìlà kan tán.