Korobá Funfun Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

4.

…tí mo sì fi ọmọrí dé e pinpin. Korobá funfun, oní lítà márùn-ún, tí wọ́n fi kó ọṣẹ wá sílé ìwòsàn. Mo gbé e sábẹ́ báséènì ní yàrá ìkẹ́rù mi. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò kọ nǹkan kan sí i lára.

Kí n kọ òótọ́: n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni n kò fi kọ nǹkan kan sí i lára.

(Ìpín 1 sí 3 wà nínú àpò dúdú. Irọ́ pọ̀ nínú wọn.)

5. Ohun tó wà nínú korobá

Olóbì ọmọ ọmọ mi.

6. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, oṣù kẹfà. Èmi tí mò ń bójú tó ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ni mo kọ ọ́. Madame Régine, ọ̀gá ìmọ́tótó, ló fọwọ́ sí i.

ÀPÒ YẸ́LÒ: ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn. Iná ni yóò jẹ ẹ́.
ÀPÒ DÚDÚ: oúnjẹ, ìdọ̀tí lásán.
PÁÁLÍ: ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ.
KOROBÁ FUNFUN: ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ẹ ṣàn án. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Norbert awakọ̀ ń kó o lọ sí Ntoum, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á fi ṣe nǹkan míì.
GBOGBO KÍLÒ TÍ A KÒ SUN, ÈÉFÍN TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ NÍ FÀ SÍMÚ NI.

7. Ìwọ̀n àpò yẹ́lò, kílò lójúmọ́

Oṣù kẹta: 64
Oṣù kẹfà: 47
Oṣù kẹsàn-án: 31

Àgbá dísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni ẹ̀rọ tó ń sun ìdọ̀tí ń mu lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjì ló ń mu báyìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nínú ìpàdé. Mo wo ilẹ̀.

8.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, ọdún 1998. Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bí Ridwanullah, àkọ́bí mi, ní ilé ìwòsàn míì ní Libreville yìí. Mo ti lo oṣù mọ́kànlá nílùú. N kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé alẹ́. Ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́tàlá ni mo gbọ́. Olóbì kò sí nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ irin kọjá níwájú mi, aṣọ àwọ̀ ewé bò ó. Mo na ọwọ́ sí i. Ó rò pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó fún mi lómi.

Mo mu ún.

9.

Ridwanullah ti kó kúrò nílé mẹ́sàn-án. Mo lè ka gbogbo wọn. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn pé ọmọ tí wọn kò sin olóbì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í rí ibi dúró sí.

N kò gbà á gbọ́.

Ọdún yìí ló ra ilẹ̀ ní Sibang. Sakeenah ìyàwó rẹ̀ lóyún. Mo gbẹ́ ihò tí a máa sin olóbì sí fúnra mi, lẹ́yìn ibi tí ilé ìdáná máa wà.

10.

FỌ́Ọ̀MÙ 12: ÌGBÀPADÀ OLÓBÌ
Ìyá ọmọ: Sakeenah
Ìfọwọ́sí bàbá ọmọ: ................
Ibi tí wọn yóò sin ín sí: ................
Bí bàbá kò bá fọwọ́ sí i láàárín wákàtí kan: àpò yẹ́lò.

11. Fóònù mi, Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá, 2025

09:02 ÈMI: Ó ti bí. Obìnrin ni. Máa bọ̀ wá fọwọ́ síwèé kíákíá.
09:41 RIDWAN: Alhamdulillah!!! Maman mo ṣì wà ní Owendo, ọkọ̀ ò lọ síwájú, ò lọ sẹ́yìn
09:42 RIDWAN: Ẹ bá mi tọ́jú olóbì ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́

12.

Aago méjìlá ni ọkọ̀ Norbert máa ń dé. Èmi ni mo yan aago náà. Èmi ni mo yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní aago méjìlá, mò ń wẹ ọmọ.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: abẹ́ báséènì, òfìfo.

13.

12:30 RIDWAN: Mo ti dé. Ibo ló wà?
12:34 ÈMI: Mo ti tọ́jú ẹ̀.
12:34 RIDWAN: À Sibang?
12:39 ÈMI: Níbi tó yẹ.

14. Èmi àti Steve, tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń sun ìdọ̀tí. Faransé la sọ.

ÈMI: Ta ló kó korobá síta?
STEVE: Èmi náà ni, Maman. Kí ló dé tí ẹ ń wò mí bí ẹni tí mo sun aṣọ rẹ̀?
ÈMI: Ṣé ìkankan wúwo?
STEVE: Ọ̀kan. Mo dà á sínú àpò yẹ́lò, mo ṣan korobá. Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí kí n kà á sí yín létí?
ÈMI: Kí ló wà nínú ẹ̀?
STEVE: Èmi kì í wò ó o. Ẹni tó bá ń wò ó níbí yìí kò ní jẹun ọ̀sán mọ́ láyé.
ÈMI: Àpò yẹn dà?
STEVE: (Ó wo òkè, níbi tí èéfín ń gbà jáde.) Maman. Aago kan ti lù.

15. Èmi àti Norbert, lórí fóònù. Ọmọ Kétu ni.

NORBERT: Ìyá Ridwan! Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run yóò wò ó.
ÈMI: Àmín, Bàbá Chloé. Korobá òní…
NORBERT: Mọ́kànlélógún. Ogún mọ́ tóní. Ẹyọ kan tó kù, ṣé ẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ ni? Chloé ló ṣí i. Ó ké bí ẹni tó rí ejò.
ÈMI: Kí lẹ ṣe sí i?
NORBERT: Kí ni ọmọ Kétu ń ṣe sí olóbì? Mo gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi píà. Mo ní kí ilẹ̀ má bínú, àlejò ni.
ÈMI: Ẹ ṣé, Bàbá Chloé.
NORBERT: Ìyá Ridwan, ti ta ni?

16.

Ta ló gbé ti abẹ́ báséènì? Steve ní Norbert ni. Norbert ní Steve ti to gbogbo rẹ̀ síta kí òun tó dé.

17. Ìwọ̀n àpò yẹ́lò

Àìkú 12: 30.7
Ajé 13: 30.6
Ìṣẹ́gun 14: 31.2
Ọjọ́rú 15: 30.6

Gíráàmù ẹgbẹ̀ta ni ti Ìṣẹ́gun fi ju ti Ajé lọ. Mo mọ bí olóbì ṣe ń wúwo tó.

18. Ìwé ìbímọ, Ìṣẹ́gun 14

Angèle. Ẹbí kò béèrè olóbì. Àpò yẹ́lò.
Nathalie. Ọkọ fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù 12. Ó gbé korobá lọ.
Sakeenah.

19.

Ọmọ mẹ́ta. Olóbì mẹ́rin: ti Angèle, ti Nathalie, èyí tí Steve dà, èyí tí Norbert sin.

20.

Àbí ọkọ Nathalie fọwọ́ síwèé tán, ó gbàgbé korobá rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì? Mo pè é lẹ́ẹ̀mejìlá. Nọ́ńbà náà kò lọ.

Àbí ohun tí Steve dà kì í ṣe olóbì?

Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ Régine, yóò pa Fọ́ọ̀mù 12 rẹ́. Olóbì gbogbo ọmọ á padà sínú iná.

21. Ọjọ́bọ̀, Ntoum

Norbert fi ibẹ̀ hàn mí, ó sì yẹra. Mo kúnlẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù. N kò mọ ẹni tí mo ń kí.

Mo kí i.

22. Ìwé tuntun lára ògiri

KOROBÁ FUNFUN: Ẹ ṢÍ I. Ẹ WÒ Ó.

(Steve fi báírò kọ ọ́ sísàlẹ̀: Oúnjẹ ọ̀sán wa ńkọ́?)

23. Lórí tábìlì mi, Ajé 20

«Maman Morẹ́nikẹ́, Fọ́ọ̀mù 12 ti Sakeenah kò pé. Mo fẹ́ rí i lọ́la. Régine»

24.

Ibi tí wọn yóò sin ín sí: Sibang. Mo pa á rẹ́.
Ntoum. Mo pa á rẹ́.
Ntoum.
Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́.

25. Ìṣẹ́gun 21, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ

06:51 RIDWAN: Maman, bírìkìlà ní ihò kan ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó fẹ́ da kọnkéré dí i kí àlejò tó dé. Kó dà á?
06:52 ÈMI: Kó má dà á.
06:52 RIDWAN: Kí ló wà níbẹ̀?
06:58 RIDWAN: Maman?
07:02 ÈMI: Òfìfo ni. (Mo pa á rẹ́, n kò fi ránṣẹ́.)