Àpótí Igi Ìdáná Màámi

Ọdún méjì gbáko ni màámi fi bẹ bàámi pé kó kan àpótí igi ìdáná fún òun. Káfíńtà ni bàámi. Ilẹ̀kùn tó kàn ládùúgbò wa kò níye, àmọ́ bí ẹ bá wọ ilé tiwa, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ máa bá igi ìdáná, a tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bí òkú ọjà. Iṣẹ́ ará ìta ló máa ń yá a lára. Bí a bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ilé, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ó di ọ̀la." Àwọn oníbàárà rẹ̀ kúkú sọ ọ́ ní Ó-dọ̀la, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí màámi ń fẹ́ kò le. "Àpótí lásán ni," ó máa ń wí. "Kó gba igi ọjọ́ mẹ́ta, kó ní ìdérí tí mo lè jókòó lé. Àwọn igi yìí ń yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Onídìrí ni. Láti àárọ̀ ló ti máa ń dúró ti orí olórí, bó bá sì délé, ó fẹ́ ibi tó máa fìdí lé kí ọbẹ̀ tó jinná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òtútù, ó gbé ìkòkò omi híhó kúrò lórí iná. Igi roboto kan ti yí kúrò lára àwọn yòókù. Ó tẹ̀ ẹ́, igi yí, ó ṣubú. Omi bó o lápá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ inú ẹyin iná, ìkòkò sì tẹ apá náà mọ́lẹ̀.

Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Bàámi wà nílé. Inú ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ló wà, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi ìdáná, ó ń fi ẹ̀rọ fá pákó. Ìyá Àgbẹ̀bí, aládùúgbò wa, ló gbọ́ igbe kan láti òdìkejì ọ̀nà, tó sáré wọlé, tó fa màámi kúrò nínú iná. Nígbà tó fi máa lọ gbá ilẹ̀kùn ìsọ̀, bàámi ṣì ń fági.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka méjì kúrò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Àwọn tó kù gan bí igi gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n bàámi obìnrin wá kí i, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣọpẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Màámi wo ọwọ́ tí wọ́n wé. "Lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi, agbè ò fọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ó ti ya létí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ni bàámi bẹ̀rẹ̀ àpótí. Kò yọjú sí ọsibítù. Bí mo bá ti ń gbé oúnjẹ lọ, á ní kí n bá òun kí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ara mi ò gbà á mọ́, mo já wọ ìsọ̀.

N kò rí i kó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ báyẹn rí. Pákó gbígbẹ, fífẹ̀, tó ti tọ́jú fún ibùsùn oníbàárà kan, ló gé. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́ nídìí. Ó fi àlàfo díẹ̀ sáàárín àwọn pákó ìsàlẹ̀ kí èèpo igi lè máa já bọ́. Ó pín inú rẹ̀ sí méjì, apá kan fún ìtì igi, apá kan fún igi wẹ́wẹ́. Ó kan páànù mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó máa kọjú sí iná. Ìdérí ló ń fi sáńpépà họ nígbà tí mo wọlé.

"Bàámi, ìyàwó yín wà ní ọsibítù, ẹ̀yin ń họ pákó!"

"Mo fẹ́ kó bá a nílẹ̀ bó bá dé ni."

"Ta ló ń béèrè àpótí? Ẹ̀yin ni màámi ń béèrè!"

Ó fi sáńpépà sílẹ̀, ó sì jókòó lórí òkìtì ẹ̀fági. "Mo gbọ́ igbe náà," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ yé mi.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo pa ẹ̀rọ, mo tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan mọ́. Mo ní bóyá èkúté ló bà á lẹ́rù. Pákó ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo tan ẹ̀rọ padà." Ó nu ojú. "Jọ̀wọ́, má sọ fún un. Èmi fúnra mi ni màá sọ."

"Nígbà wo?"

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlá, a mú màámi wálé. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, igi kún inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì pa ìdérí lára, ó jókòó lé e. Bàámi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́..."

"Ẹ dìde. Mo mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ tutù. "Lọ́jọ́ yẹn, èémí mi ti pin, n kò lè kígbe lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ yín dákẹ́. Mo ní, ó ti gbọ́, ó ń bọ̀. Mo ń retí ìró ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀rọ ni mo tún gbọ́."

Bàámi bú sẹ́kún bí ọmọdé. Màámi jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

"Ọjọ́ mélòó ló fi gbà yín láti kan àpótí yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́fà."

"Ọjọ́ mẹ́fà," màámi ní.

Kò kó jáde, kò sì bá a jà. Ọ̀rọ̀ wọn ò kàn ju omi àti iyọ̀ lọ mọ́. Bàámi ló ń dáná. Ìyá Àgbẹ̀bí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò, kó fi òògùn pa á, kó wé e. Láràárọ̀ ló ń ṣe é, láràárọ̀ ni màámi ń kọjú sí ògiri. Àwọn oníbàárà màámi ṣì ń wá, ó sì ní kí èmi máa di irun, òun á máa júwe. Nígbà tí mo di àkọ́kọ́ tán, ó wò ó títí. "Orí èèyàn rèé àbí ọ̀nà oko?" ó ní. Oníbàárà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Màámi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó di oṣù kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàámi ń wé egbò náà lọ́wọ́.

"Ó ti fún jù," màámi ní.

Bàámi dúró. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, ó rọra ń wé e. Màámi yí ojú kúrò lára ògiri, ó ń wo ọwọ́ bàámi bó ṣe ń lọ, tó ń bọ̀.